Òpó Tí Wọ́n Fi Ẹfun Kùn

Ẹ kú ilé o, gbogbo ẹ̀yin tí mo fi sílẹ̀ ní Mushin. Bàbá mi, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti ọ̀nà jíjìn, àyà mi kan ilẹ̀. Ìyá mi, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà orí ọmọ. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmójútó àwọn àgbà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà nílé ọkọ ní Iganmu, mo kí yín tọkàntọkàn. Làmídì, àbúrò mi, mo kí ìwọ náà, ṣùgbọ́n ìkíni tìrẹ máa le díẹ̀, nítorí náà wá ibi jókòó sí.

Bàbá, ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti ń gbọ́ ohùn mi, tí gbogbo ayé ń bá yín gbọ́ ọ. Kì í ṣe ilé wa nìkan ni ọkùnrin tó ń gba èèyàn síṣẹ́ wúrà ti wọ̀. Wọ́n ní ó ti dé Yaba, ó ti dé Iganmu, ó ń wọ kóòtù dúdú nínú oòrùn, ó ń jẹ obì àwọn bàbá ọlọ́mọ. Ará ilé wa kan tó bá ọkọ̀ ojú omi wá síbí ló sọ fún mi pé ó ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ó sì ti sọ fún yín pé àyè káfíńtà kan ṣí sílẹ̀ níbi iṣẹ́ mi, pé Làmídì ló tọ́ sí. Ó ní ẹ ti ra àpótí fún un. Ó ní Ìyá ti ń wá ẹran gbígbẹ tó máa gbé dání. Bàbá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí Làmídì wá. Ẹni tó bá ń ka èyí sí yín létí, kó má fo ọ̀rọ̀ kan, kó sì rọra kà á, torí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lẹ́yìn èyí, ìdí rẹ̀ ni.

Ẹ máa fẹ́ mọ bí ara mi ṣe rí. Ara mi le, ọkàn mi ni kò le. Góòlù Kóòsì yìí, ilẹ̀ tó dára ni fún àwọn tó ni ín, èmi kọ́ ni mo máa bú ilẹ̀ onílẹ̀. Òjò ibí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dá. Aṣọ tí mo bá fọ̀ kì í gbẹ, ó máa ń rùn bí ajá tó bọ́ sódò, bẹ́ẹ̀ náà ni mo máa wọ̀ ọ́. Yàrá tí wọ́n kó wa sí kò ní fèrèsé, àwa ọkùnrin pọ̀ síbẹ̀ bí ẹja inú agbọ̀n, omi ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ sì ń ṣàn kọjá ẹnu ọ̀nà wa, ó pupa, ó ń yọ ìfófòó. Ìyá, ẹ̀yin tí ẹ máa ń lù mí tí n kò bá gbá àgbàlá, ẹ bá wa gbá ti ibí.

Kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Sùnmọ́nù mọ́. Aláàtà ni wọ́n ń pe gbogbo àwa tí a ti Èkó wá, wọn ò fi ṣe èébú, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣe mí bákan pé orúkọ kan náà ni èmi àti ẹni tí n kò mọ̀ rí jọ ń jẹ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, a máa ń jókòó díẹ̀, a ó sọ̀rọ̀ ilé. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní lẹ́nu iṣẹ́ ni Kòfí, ọmọ ilẹ̀ yìí. Òun ló kọ́ mi láti jẹ dọ̀kúnnù, ẹ̀kọ àgbàdo kíkan tiwọn, láìyínmú, òun náà ló ń sọ èdè wọn sí mi lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ní ti owó, ohun tí mo fi ránṣẹ́ lẹ ti rí. N kò ní purọ́ pé wọn kì í sanwó. Wọ́n ń sanwó. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fi ń rà.

Inú àgò irin ni wọ́n máa ń kó wa sí lówùúrọ̀, tí wọ́n á fi okùn sọ̀ wá kalẹ̀ sínú ilẹ̀, bí adìẹ tí wọ́n ń gbé lọ ọjà. Ìsàlẹ̀ yẹn dúdú, ó móoru, omi ń kán sórí ẹni. Àpáta tó ní wúrà nínú ni wọ́n ń fọ́, tí wọ́n ń kó jáde. Bí wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ tán, kò sí ohun tó máa gbé òkè dúró mọ́, yóò wó lé wọn lórí. Nítorí náà, wọ́n máa ń fi apá kan àpáta náà sílẹ̀ láìfọ́, kó dúró bí òpó láàárín ilẹ̀ àti àjà. Wúrà wà nínú òpó náà o, kì í ṣe pé kò sí. Wọ́n fi í sílẹ̀ kí ẹ̀mí èèyàn lè wà ni.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n fi igi ti àjà níbi tó bá ti rẹ̀, kí n sì máa tẹ̀lé ọ̀gá òyìnbó lọ yẹ àwọn òpó náà wò. Bàbá, òyìnbó yìí mọ iṣẹ́, n kò ní gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun gan-an ló kọ́ èmi àti Kòfí. A máa ń wọn bí òpó ṣe ga àti bó ṣe fẹ̀, nítorí èyí tó ga tó sì tín-ín-rín kò ṣeé gbọ́kàn lé. A máa ń fi ọ̀pá irin lù ú: òpó tó le máa ń dáhùn ganran, èyí tí inú rẹ̀ ti là máa ń dún bò bí akèrègbè òfìfo. A máa ń wo ìbàdí rẹ̀, torí bí ẹrù bá ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù, ìbàdí ló kọ́kọ́ máa ń bó, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, títí tí àárín á fi gbẹ ju orí àti ẹsẹ̀ lọ. Bí a bá sì rí ibi tó sán, a máa po amọ̀ mọ́ iyanrìn dáadáa, kó má baà sán fúnra rẹ̀, a ó fi lẹ ojú ibẹ̀ pa. Tí a bá padà wá tí amọ̀ yẹn ṣì wà ní odindi, òpó náà sinmi. Tó bá ti pín sí méjì, òpó náà ń rìn, ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ̀mí rẹ̀ á kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn nígbà náà. Ó jọ iṣẹ́ wa. Mo máa ń sọ fún Kòfí nípa ọjọ́ tí ẹ ń ṣe ilé ọlọ́lá kan ní Yaba, tí onílé ní kí ẹ gé òpó àárín pálọ̀ kúrò torí pé kò jẹ́ kí àga tuntun òun ráyè. Ẹ kò bá a jiyàn. Ẹ kó ayùn àti òòlù yín sínú àpò, ẹ ní kó wá káfíńtà mìíràn, kó sì wá ẹni tó máa sun ún lẹ́kún pẹ̀lú. Kòfí rẹ́rìn-ín títí, ó ní òun máa fẹ́ rí yín.

Nígbà tó yá, wúrà gbówó lórí níbi tí wọ́n ti ń tà á. Bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà nìyẹn. Òpó tí wọ́n ti fi sílẹ̀ kí ẹ̀mí lè wà, wọ́n wá ń wò ó bí ẹran tó kù nínú ìkòkò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Wọ́n á fá ẹ̀gbẹ́ kan lónìí, wọ́n á fá ìkejì tó bá di ọjọ́ mìíràn, wọ́n á ní ìba díẹ̀ ni. Fọ́máànù wa ló ń darí àwọn tó ń fá a. Bùràímọ̀ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Èbúté Mẹ́ta, ọmọ bíbí ilẹ̀ wa, tó ń sọ fún mi ní gbogbo ìgbà pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá. Bí àwọn kẹ̀kẹ́ irin tó ń kó òkúta bá ṣe ń kún tó ni ẹ̀bùn tirẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Nígbà tí mo sọ fún un pé òpó ńlá tó wà ní àárín ti ń dún bò, ó ní kí n lọ fọ etí mi. Ó ní àwa ará Mushin máa ń bẹ̀rù òjìji.

Ọjọ́ kan ni wọ́n kó ẹfun dé, àpò lórí àpò. Bùràímọ̀ ní àlejò ìjọba ń bọ̀ wá yẹ ibi iṣẹ́ wò, pé kí a fi ẹfun kun gbogbo òpó kí ìmọ́lẹ̀ fìtílà lè tàn kálẹ̀. Inú mi dùn. Ṣé ẹ mọ̀ pé bí Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ ni a máa ń po ẹfun fún ojú ilé wa? Mo ń po ẹfun náà, mo ń kọrin, Kòfí ń bá mi gbè é láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí a dé ìdí òpó ńlá yẹn ni Bùràímọ̀ sọ pé kí a kọ́kọ́ ha gbogbo amọ̀ tí a lẹ̀ mọ́ ọn kúrò. Amọ̀ náà ti pín, Bàbá. Gbogbo ibi tí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ló ti pín. Ìgbà náà ni mo mọ ohun tí ẹfun wà fún, orin sì kú mọ́ mi lẹ́nu.

Àlejò náà dé, nínú bàtà tó mọ́ ju ẹnu tí mo fi ń jẹun lọ. Ó fọwọ́ kan òpó ńlá, ẹfun yí i lọ́wọ́, ó fi ańkáṣíìfù nu ún. Kò béèrè ọ̀pá irin. Kò lu nǹkan kan. Ó ní ibẹ̀ mọ́ tónítóní, ó kí ọ̀gá wa kú iṣẹ́, wọ́n gòkè lọ jẹun. Òórùn ẹran tí wọ́n sun fún un ń dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tí a jáde láti inú àgò.

Wọ́n rò pé àwọn ti gbọ́n. Ṣùgbọ́n ara funfun ni ìdọ̀tí ti ń hàn. Nígbà tí òpó yẹn wà ní dúdú, èèyàn ní láti gbé fìtílà sún mọ́ ọn kó tó rí ibi tó là. Nígbà tí wọ́n fi ẹfun kùn ún tán, kò pẹ́ rárá tí ilà dúdú fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára rẹ̀, ó gba òkè wá sí ìbàdí, ó yà sí méjì, ó tún yà. Ẹni tó dúró lọ́nà jíjìn ń rí i. Àwọn òṣìṣẹ́ tí kò mọ ohunkóhun nípa òpó ń fi ìka han ara wọn. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Tiwa lanu, kì í sì í ṣe aláǹgbá ló ń bọ̀.

Mo lọ pe ọ̀gá òyìnbó fúnra mi. Ó wá. Ó dúró, ó wo òpó náà láti òkè dé ilẹ̀, ó ti ìka bọ ojú ibi tó là, ìka náà wọlé. Mo ń wo ojú rẹ̀, mo sì rí i pé ó mọ̀. Ohun tó fi kọ́ mi ló wà níwájú rẹ̀ yẹn, kò sí èyí tí kò yé e. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Bùràímọ̀, ó sọ fún un pé àwọn tó ni owó ilé iṣẹ́ ń bọ̀ láìpẹ́, pé kí wọ́n tún un kùn, kí ẹfun ti ọ̀tẹ̀ yìí ki. Ó kọjá lára mi bí ẹni pé igi tí mo gé ni mí. Bàbá, tó bá jẹ́ òpè ni, ǹ bá ṣàánú rẹ̀. Ẹni tó mọ̀, tó wá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìríra ló jẹ́ sí mi títí di òní.

Mo sọ fún Bùràímọ̀ pé èmi kò ní kùn ún. Ó yọ ṣùtì sí mi, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì fún Kòfí. Mo bẹ Kòfí pé kó má gbà á. Kòfí ní ìyàwó òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, pé kí n jẹ́ kí òun yára kùn ún kí òun sọ̀ kalẹ̀. Ó fi àkàbà ti ìbàdí òpó yẹn, ó gòkè. Mo lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì láti gé igi tí mo fẹ́ fi ti àjà níbẹ̀, torí mo ní bí wọn kò bá gbọ́ tèmi, kí n ṣe èyí tí ọwọ́ mi ká. Mo ti fi ayùn lé igi nígbà tí mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ẹ̀ka igi gbígbẹ dá. Ìbàdí òpó náà ló fò yọ, odindi pẹlẹbẹ kan tó tó ilẹ̀kùn ilé wa. Ó gbé Kòfí àti àkàbà lulẹ̀. Nígbà tí a gbé òkúta náà kúrò, búrọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ má sunkún. Mo ti sun ún tó. Mo lọ kí ìyá rẹ̀. N kò gbọ́ gbogbo ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ń wo àárín wọn bí ẹni tó ń wá ohun tó sọnù. Wọ́n fi aṣọ ìsìnkú ránṣẹ́ láti ilé iṣẹ́. Wọ́n tún fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé Kòfí kò gbé àkàbà rẹ̀ dáadáa, pé àìfarabalẹ̀ ló pa á. Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n gbé dé iwájú ìyá tó bí i. Ẹnu Bùràímọ̀ ni wọ́n fi rán an, ó sì jẹ́ ẹ láìyí ojú padà.

Nígbà tí a padà sẹ́nu iṣẹ́, òpó náà ṣì dúró, ó ti gbẹ láàárín bí ẹni tí ebi ń pa. Wọn kò kó àwọn èèyàn kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ Kòfí ti ta sára ẹfun. Bùràímọ̀ gbé garawa ẹfun wá síwájú mi, ó ní kí n kun ibẹ̀ kí àwọn olówó tó dé, torí ojú kò gbọdọ̀ rí i. Mo ní n kò ṣe. Ó ní ṣé mo mọ ohun tí mo ń sọ. Mo ní mo mọ̀ ọ́n, pé kó gbé e fún ọmọ tirẹ̀. Ó lọ bá òyìnbó, ó padà wá sọ fún mi pé iṣẹ́ mi ti parí, kí n kó ẹrù mi. Gbogbo èyí kò dùn mí tó ohun tó fi kún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, àyè náà kò ní ṣófo, òun ti ránṣẹ́ sí ẹni òun ní Yaba láti ìgbà tí mo ti kọ́kọ́ ṣorí kunkun, ẹni náà sì ti rí káfíńtà mìíràn. Ó ní inú ilé kan náà ni yóò ti wá, ọwọ́ bàbá kan náà ló ti kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n pé èyí kéré lọ́jọ́ orí, yóò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ràn.

Bàbá, àyè tí oníkóòtù dúdú ní ó ṣí sílẹ̀ fún Làmídì, àyè mi ni. Garawa ẹfun tí mo kọ̀ ni wọ́n gbé kalẹ̀ dè é. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ Kòfí wà ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọn yóò fún un ṣe, lórí àkàbà, lábẹ́ òpó yẹn. Bí ọkùnrin náà bá tún wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ jẹ́ kó jẹ obì tirẹ̀ tán, kí ẹ wá ní kó ka lẹ́tà yìí sókè níwájú gbogbo àdúgbò. Ẹ ta àpótí yẹn. Làmídì, gbọ́ mi: bó o bá rò pé mo ń jowú rẹ, máa rò ó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n orí òrùlé Yaba ni kó o ti máa rò ó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá.

Ẹ̀yin ọlọ́mọ ní Mushin, ní Yaba, ní Pápá Àjàó, ọmọ yín kò sí nínú ọ̀rọ̀ èmi àti Bùràímọ̀, ṣùgbọ́n òpó kan náà ni wọ́n máa kó wọn sí lábẹ́. Ẹ bi àwọn tó ń wá gbà wọ́n síṣẹ́ léèrè bí òpó náà ṣe rí, kí ẹ tó gba owó àsanlẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, Bàbá. Ìyá, ẹ kò ní fi ojú sunkún ọmọ. Ilé wa kò ní gbọ́ ìró búburú láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ bá mi kí àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí, ẹ bá mi kí àwọn ará ilé kejì, ẹ bá mi kí gbogbo ẹni tó bá béèrè mi, àti ẹni tí kò béèrè. Bí ọkọ̀ ojú omi bá ti ṣí, mo wà nínú rẹ̀. Kò sí aṣọ tuntun lára mi, kò sí ẹ̀bùn lọ́wọ́ mi, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín, Sùnmọ́nù, tó ń bọ̀ wálé lọ́wọ́ òfo, tí eegun rẹ̀ pé.